Kí Ló Dé Tí Ìyá Fi Ń Sá fún Oògùn Amúnitọ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ìlú Èkó fi ń pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn tì, kó lọ dúró sí ibùdókọ̀ Mile 12 ní nǹkan bí aago 5 ìdájí. Àwọn tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú ti ń rọ́ dé. Àwọn ará Kétu, Ìkòsí àti Alápẹ̀rẹ̀ ti tò fún bọ́ọ̀sì BRT tí yóò gbé wọn lọ sí erékùṣù Èkó. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó kó tòmátò àti ata wá láti Òkè Ọya sì ti dí ojú ọ̀nà. Láti ibẹ̀ dé CMS lè gba wákàtí kan, ó sì lè gba mẹ́ta, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tó dájú ni pé bí ìtọ̀ bá gbọ̀n ènìyàn láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà, kò sí ibi tí yóò sọ̀ kalẹ̀ sí.

Nítorí náà, ìyá tí dókítà fún ní oògùn tó ń mú ni tọ̀, tó sì ní kó máa lò ó láràárọ̀, á wo oògùn náà, á wo ọ̀nà tó fẹ́ rìn, á sì dá oògùn padà sínú àpò. Á ní òun á lò ó bí òun bá dé. Bó bá dé ní aago 9 alẹ́ tó sì lò ó, oògùn á jí i lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́jọ́ kejì, kò ní lò ó láàárọ̀, kò sì ní lò ó lálẹ́. Lẹ́yìn oṣù kan, páálí oògùn á ṣì kún lórí tábìlì, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ru lọ láìdún láìfọ̀.

Ẹ má pe èyí ní àìgbọràn. Ẹni tó ń ta ata rodo nínú ọjà Mile 12, tàbí tó ń ta ọsàn nínú ọjà èso Kétu, bó bá fẹ́ tọ̀, yóò wá ẹni tí yóò bá a wo ọjà, yóò gba àárín àwọn alábàárù kọjá, yóò sì sanwó ilé ìyàgbẹ́. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún kí ọjọ́ tó kanrí, èrè rẹ̀ ti ń bá ìtọ̀ lọ nìyẹn. Lójú tèmi, ó yẹ kí dókítà máa béèrè ibi tí aláìsàn ti ń tọ̀ kó tó kọ irú oògùn yìí fún un. Ìbéèrè náà kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á gan-an, nítorí ẹ̀yin ni ìyá ń pè pé oògùn òun ti tán. Ẹ̀yin lẹ ń fi owó ránṣẹ́ sí kẹ́mísítì, ẹ̀yin náà lẹ sì máa ń bínú bí ẹ bá délé tí ẹ rí i pé wọn ò lò ó. Bí ẹ bá mọ ohun tí oògùn amúnitọ̀ ń ṣe nínú ara, ẹ ó rí i pé ìjà náà ní ọ̀nà àbáyọ.

Iyọ̀ ni oògùn ń lé, omi ló ń tẹ̀ lé e

Kíndìnrín ènìyàn dà bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì. Láàárín ọjọ́ kan, nǹkan bíi 180 lítà omi ló ń ti inú ẹ̀jẹ̀ gba inú asẹ́ yìí kọjá. Bí gbogbo rẹ̀ bá di ìtọ̀, ènìyàn á ti gbẹ bíi panla kí ọ̀sán tó pọ́n. Nítorí náà, kíndìnrín ń gba èyí tó pọ̀ jù lọ padà sínú ẹ̀jẹ̀, á sì ku nǹkan bíi lítà kan sí méjì tí a ń tọ̀ dànù. Iyọ̀ ló fi ń fa omi náà padà, torí pé ibi tí iyọ̀ bá kọjú sí, ibẹ̀ ni omi ń bá a lọ. Oògùn amúnitọ̀ ń dínà mọ́ iyọ̀ kó má lè padà. Iyọ̀ á bá ìtọ̀ jáde, omi á tẹ̀ lé e, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan á sì dín kù. Ara ọ̀pọ̀ nínú àwa adúláwọ̀ máa ń di iyọ̀ mú gan-an, ìdí nìyẹn tí irú oògùn yìí fi ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún wa.

Ṣùgbọ́n oògùn amúnitọ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì àárọ̀ ti yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ aláìsàn kan sí òmíràn. Nínú ẹbí àkọ́kọ́ ni hydrochlorothiazide, chlorthalidone àti indapamide wà. Àwọn wọ̀nyí kì í kánjú, wọ́n sì máa ń pẹ́ nínú ara. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ nípa wọn ni pé ìtọ̀ púpọ̀ tí wọ́n ń mú wá kì í wà títí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, oògùn á ti mọ́ ara lára, ìtọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kò ní tún ga, torí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ á ti dẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbólóhùn yẹn fún ìyá. Ẹni tó pa oògùn náà tì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ti jẹ ìyà rẹ̀ tán, ó wá kúrò níbẹ̀ kó tó kan àǹfààní rẹ̀.

Ẹbí kejì ni furosemide, tí gbogbo kẹ́mísítì mọ̀ sí Lasix. Ilé-iṣẹ́ Hoechst ti Jámánì ló gbé e jáde láàárín àwọn ọdún 1960, wọ́n sì fa orúkọ Lasix yọ láti inú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí pé agbára rẹ̀ ń wà fún wákàtí 6. Akíkanjú ni èyí. Láàárín wákàtí kan tí ènìyàn bá gbé e mì, ìtọ̀ á bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ìtọ̀ kékeré. Kì í ṣe oògùn tí a ń kọ́kọ́ fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kàn ga. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́, tí omi wá gbára jọ sí ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ló wà fún jù lọ.

Àwọn kan tún wà, bíi spironolactone àti amiloride, tí wọn kì í jẹ́ kí èròjà pọtásíọ̀mù bá ìtọ̀ lọ. A sábà máa ń pò wọ́n mọ́ òmíràn. Inú Moduretic, fún àpẹẹrẹ, amiloride 5 mílígíráàmù àti hydrochlorothiazide 50 mílígíráàmù ló wà níbẹ̀. Brinerdin tí ọ̀pọ̀ ìdílé mọ̀ bí ẹni mowó náà ní oògùn amúnitọ̀ kan nínú, tí wọ́n ń pè ní clopamide. Àwọn kan á sì fọwọ́ sọ̀yà pé àwọn kì í lo oògùn amúnitọ̀ rárá, pé Brinerdin nìkan làwọn ń lò!

Àkókò tó bá ọ̀nà mu

Ṣé dandan ni kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ ti àárọ̀? Ní ọdún 2022, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé èsì ìwádìí kan tí wọ́n pè ní TIME jáde. Àwọn tó lé ní 21,000 ló kópa nínú rẹ̀. Àwọn kan ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn láàárọ̀, àwọn kan ń lò ó lálẹ́. Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tí rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn kọlù, wọn kò rí ìyàtọ̀ kan gbòógì láàárín ọ̀wọ́ méjèèjì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ènìyàn lò ó lójoojúmọ́, ní àkókò tó lè bá a lọ.

Ìdí tí wọ́n fi ń yan àárọ̀ fún oògùn amúnitọ̀ kò ju kí aláìsàn lè sùn lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń lo hydrochlorothiazide lè bá dókítà rẹ̀ sọ pé kí àwọn gbé e sí aago 3 tàbí 4 ọ̀sán, nígbà tí ọjà ti ń tú, kí ìtọ̀ lè rọlẹ̀ kó tó di àkókò oorun. Ẹni tó ń lo furosemide nítorí ọkàn gbọ́dọ̀ túbọ̀ ṣọ́ra, torí pé fífo ọjọ́ kan tàbí méjì lè dá omi padà sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Síbẹ̀, òun náà lè béèrè bóyá òun lè lò ó lẹ́yìn tí òun bá ti dé ibi iṣẹ́, dípò kó jẹ́ kí òun tó wọ ọkọ̀. Dókítà tó bá gbọ́ pé aláìsàn òun ń jáde nílé láago 4 ìdájí yóò mọ ohun tí yóò ṣe. Èyí tí wọn kò sọ fún un ni kò lè tún ṣe.

Ọgbọ́n kan wà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ń dá tó burú púpọ̀. Wọ́n á lo oògùn, ṣùgbọ́n wọn ò ní mu omi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kí ìtọ̀ má baà yọ wọ́n lẹ́nu. Nínú oòrùn ọjà, pẹ̀lú òógùn tó ń ṣàn, oògùn náà á máa fa omi jáde nínú ara tí kò ní omi. Òòyì á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde lójijì, àwọn mìíràn á ṣubú, kíndìnrín á sì máa jìyà. Ewu yìí kan náà ló wà bí ènìyàn bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tó ń bì. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí wọ́n pe dókítà kíákíá láti béèrè bóyá kí wọ́n dá oògùn dúró títí ara yóò fi yá.

Nígbà tí kò sí i

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1945, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Franklin Roosevelt, di orí mú, ó ní orí ń fọ́ òun gidigidi. Kò pẹ́ tó fi dákú, ó sì kú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ló ya sí i nínú ọpọlọ. Dókítà rẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó jẹ́ 300 lórí 190. Ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga púpọ̀, ṣùgbọ́n ìsinmi, dídín iyọ̀ kù àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí fún un. Gbogbo ọrọ̀ Amẹ́ríkà kò lè ra oògùn tí kò tíì sí.

Oògùn amúnitọ̀ kan wà nígbà náà, àmọ́ májèlé ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ní ọdún 1919, akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kan ní ìlú Vienna, Alfred Vogl, fún aláìsàn kan ní abẹ́rẹ́ tó ní mẹ́kúrì nínú fún àrùn ìbálòpọ̀, ó sì rí i pé ìtọ̀ aláìsàn náà pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Abẹ́rẹ́ mẹ́kúrì yìí ni wọ́n ń lò fún ara wíwú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1957 ni Karl Beyer àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Merck ṣàwárí chlorothiazide, tó dé ọjà ní ọdún 1958: oògùn tí ènìyàn lè gbé mì nílé, tó ń sọ ẹ̀jẹ̀ kalẹ̀ láìpa ẹni tó lò ó lára. Ọmọ rẹ̀ ni hydrochlorothiazide tó wà nínú àpò ìyá yín.

Bó ti dàgbà tó yìí, kò tíì di ohun àpatì. Ìwádìí ALLHAT, tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2002, fi chlorthalidone wé àwọn oògùn tuntun tó wọ́n jù ú lọ láàárín àwọn tó lé ní 33,000, tí adúláwọ̀ sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn oògùn tuntun náà kò borí rẹ̀, chlorthalidone sì dára jù wọ́n lọ ní dídènà àárẹ̀ ọkàn. Ní ọdún 2019 ni ìwádìí CREOLE jáde, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá ṣe aṣáájú rẹ̀. Adúláwọ̀ 728 ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 6, Nàìjíríà pẹ̀lú, ló kópa níbẹ̀. Èsì rẹ̀ fi hàn pé bí a bá pa amlodipine pọ̀ mọ́ hydrochlorothiazide, tàbí mọ́ perindopril, ẹ̀jẹ̀ ń wálẹ̀ ju bí a bá pa perindopril àti hydrochlorothiazide pọ̀ láìsí amlodipine. Nínú ètò ìṣàkóso ẹ̀jẹ̀ ríru tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Kánò ní ọdún 2020, amlodipine ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, losartan ló tẹ̀ lé e, hydrochlorothiazide sì ni ẹ̀kẹta tí wọ́n ń fi kún un bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣorí kunkun.

Ẹsẹ̀ wíwú kì í ṣe ohun kan náà

Bí ìyá bá wọ bàtà tí kò wọlé mọ́, Lasix ni aládùúgbò á kọ́kọ́ dárúkọ. Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀.

Amlodipine tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú kí ọrùn ẹsẹ̀ àwọn kan wú. Kì í ṣe pé omi pọ̀ lára wọn; ńṣe ni iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké dẹ̀ tí omi sì ń jò jáde sínú ẹran ara. Oògùn amúnitọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún irú wíwú yìí. Dókítà lè dín amlodipine kù, tàbí kó fi òmíràn kún un, kí ẹsẹ̀ sì fọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ra Lasix fún un fúnra yín, ẹ ti fi oògùn kejì wo ohun tí oògùn àkọ́kọ́ dá sílẹ̀. Pọtásíọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, iṣan ẹsẹ̀ á máa fà á lóru, ẹ ó sì wá oògùn kẹta.

Ẹsẹ̀ ẹni tó dúró ti ọjà láti òwúrọ̀ di alẹ́ náà lè wú, kó sì fọn bó bá gbé ẹsẹ̀ sókè sùn. Ti aboyún yàtọ̀ pátápátá: bí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bá wú, tí orí ń fọ́ ọ tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ, kì í ṣe kẹ́mísítì. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná tó sì ń dunni, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú iṣan rẹ̀, èyí kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ìtọ̀ rárá.

Wíwú tí ẹ kò gbọdọ̀ fojú kéré ni ti ọkàn. Ẹni tí kò lè sùn gbalaja mọ́ àfi bó bá to ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta, tí èémí rẹ̀ ń gé bó bá gun àtẹ̀gùn afárá ẹlẹ́sẹ̀ Kétu, tàbí tó fi kílò méjì wúwo sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kó má ṣe dúró di ọjọ́ kejì. Ìwádìí THESUS-HF, tó jáde ní ọdún 2012, wo aláìsàn 1,006 tí àárẹ̀ ọkàn gbé dé ilé ìwòsàn ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nídìí ti nǹkan bíi 45 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 52. Àwọn òyìnbó ń ka àárẹ̀ ọkàn sí àìsàn arúgbó. Níbí, ó ń mú ẹni tó ṣì ń san owó iléèwé ọmọ.

Ohun tó wà nínú ìkòkò àti nínú agbọ̀n

Àwọn tó ń lo hydrochlorothiazide tàbí furosemide ń pàdánù pọtásíọ̀mù, ọjà èso Kétu sì kún fún un: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, bàrà olómi. Ẹ̀wà àti ewébẹ̀ ní in pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ má sáré ra agbọ̀n kan tán. Ẹni tó ń lo spironolactone, lisinopril tàbí losartan, tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣòjòjò, lè ní pọtásíọ̀mù tó pọ̀ jù, èyí tó lè da ìlù ọkàn rú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní E/U ló ń fi ìyàtọ̀ hàn. Ó yẹ kí wọ́n ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí wọ́n sì máa tún un ṣe lẹ́yìn náà.

Oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac, tí a ń rà lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, máa ń di iyọ̀ àti omi mọ́ inú ara. Iṣẹ́ tí oògùn amúnitọ̀ ń ṣe gan-an ni wọ́n ń bà jẹ́, àpapọ̀ wọn sì le lórí kíndìnrín. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ náà yẹ ní sísọ fún dókítà.

Sóbò ńkọ́? Ní ọdún 2015, àwọn olùwádìí ní Enugu fi omi ìṣápá pupa wé hydrochlorothiazide láàárín 80 ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìṣápá sì ṣe dáadáa. Inú mi dùn sí i, mo sì fẹ́ràn sóbò. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò tó láti sọ ẹni tí rọpárọsẹ̀ kò ní mú, bẹ́ẹ̀ sóbò tí ṣúgà kún inú rẹ̀ nínú ike kì í ṣe èyí tí wọ́n lò níbẹ̀. Ẹ mu ún, kí oògùn sì wà ní àyè rẹ̀. Ní ti iyọ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má tó 5 gíráàmù lóòjọ́, nǹkan bíi ṣíbí ìpotíì kan, magí ọbẹ̀ sì wà lára ìṣirò náà.

Bí ẹ bá ń bá ìyá lọ rí dókítà, ẹ kó gbogbo páálí oògùn dání, títí kan èyí tí kò lò mọ́, kí ẹ sì sọ àkókò tó ń jáde nílé àti ibi tó ti ń tọ̀. Bí Ramadan bá ń bọ̀, kí àwọn tó ń gbààwẹ̀ tètè lọ ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, torí pé ó lè jẹ́ ìgbà ìṣínu ni dókítà yóò sún oògùn náà sí, ó sì lè ní kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára má gba ààwẹ̀ ọdún náà.